Iná Ẹṣin Lálẹ́: Bí A Ṣe Ń Yàn Án fún Ọ̀nà Oko Ilé-Ifẹ̀

Ẹṣin méjì ni mo ń sìn lẹ́yìn ìlú Ilé-Ifẹ̀, lápá ọ̀nà Ifẹ̀wàrà. Òde ni wọ́n ń bá mi lọ: ìgbéyàwó, ìwúyè, òkú àgbà. Ẹni tó bá mọ òde ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé kì í tú bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹṣin dé ní aago mẹ́rin, aago mẹ́fà ni ọkọ ìyàwó máa gùn ún, kí wọ́n sì tó ka owó lé mi lọ́wọ́, ilẹ̀ ti ṣú. Láti Ìrẹ̀mọ tàbí Mọ̀ọ̀rẹ̀ dé ilé ẹṣin mi, ọ̀nà abẹ́ kòkó ló pọ̀ jù. Yípo ọdún, oòrùn kì í wọ̀ níbí ṣáájú nǹkan bí aago 6:15, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá aago 7:00. Tó bá ti wọ̀ báyìí, kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ tí ilẹ̀ fi ń ṣú dùdù. Nítorí náà, ilé ni ẹ ti ń múná dání, kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ OJÚ ẸṢIN

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra iná, àwọn ọdẹ ni mo wò kọ́gbọ́n. Mo ra tọ́ọ̀ṣì orí tó lágbára, mo dè é mọ́ fìlà, mo gun abo ẹṣin mi tí mo ń pè ní Arẹwà. Títí a fi kúrò ní títì, kò sí wàhálà. Bí a ṣe wọ abẹ́ kòkó ni mo tẹ iná yẹn. Orí mi ni iná wà, orí Arẹwà sì wà níwájú mi, ni òjìji etí rẹ̀ méjèèjì bá nà gbọọrọ sójú ọ̀nà bí ìwo màlúù. Bó bá gbọn etí, òjìji a gbọ̀n. Bí mo bá yíjú wo ẹ̀gbẹ́, òjìji a fò wọ inú igbó, a tún fò padà. Ó dúró gbagidi, ó fọn imú, ó yí bírí lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì bá ara mi nínú ewé kòkó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni apá ọ̀tún mi fi ro mí.

Mo lọ sọ ọ́ fún bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹṣin ní Sábó. Wọ́n ní, “Ojú tìẹ lo tanná fún. Ojú ẹṣin ńkọ́?” Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹṣin náà nílò iná ni?” Wọ́n ní, “Kò nílò rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo ń sọ fún ọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dúró lé lórí. Ẹṣin ń ríran lálẹ́ jù wá lọ dáadáa. Ojú rẹ̀ tóbi, awọ kan sì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún tó ń dán bí dígí, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kí ojú lè tún un lò lẹ́ẹ̀kejì. Awọ yìí ló ń kọ mànà nígbà tí tọ́ọ̀ṣì bá bá a. Ó sì ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo ara rẹ̀ tán, nǹkan bíi dígírì 350 nínú 360. Ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀, abẹ́ imú rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ nìkan ni kò rí. Nítorí náà, òjìji tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí ẹ̀yin ò kà sí, ẹṣin yín ti rí i.

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ojú rẹ̀ kì í tètè bá òkùnkùn mọwọ́ ara wọn. Ojú àwa èèyàn ń gba nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn lò, ti ẹṣin tún ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin tó dúró lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀ ní ibi òde fún wákàtí méjì, tí ẹ wá gùn wọ inú igbó lójú ẹsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú rẹ̀ fọ́ ni ẹ gùn ún. Mo máa ń fa tèmi lọ sí ibi tó ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí òde tó tú, kí ojú rẹ̀ lè balẹ̀. Kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì sàn ju iná èyíkéyìí tí mo lè rà lọ.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Ẹ WO ÒṢÙPÁ ÀTI Ọ̀NÀ

Lálẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá bá kún, ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ló ń yọ, ó sì ń wà lójú ọ̀run títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Lẹ́yìn èyí, ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí i. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tó kún, ẹ má retí rẹ̀ ṣáájú nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Bí òṣùpá bá wà, tí ọ̀nà sì jẹ́ gbangba tí ẹ̀ ń tọ̀ déédéé, ẹ paná tó wà níwájú, kí ẹ jẹ́ kí ẹṣin máa rìn, àyàfi iná tí mọ́tò á fi rí yín.

Abẹ́ kòkó yàtọ̀. Ewé ibẹ̀ kì í jẹ́ kí òṣùpá wọlé, èyí tó bá sì ráyè wọlé á já sílẹ̀ ní abala abala. Ẹṣin ń rí abala funfun yẹn bí omi tàbí bí ihò, ó lè fò ó. Ibẹ̀ ni iná kékeré ti wúlò jù, nítorí ó ń pa ilẹ̀ pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: AGBÁRA INÁ

Lúmẹ́nì ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde. Kó lè yé yín, gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì ń mú nǹkan bí 800 lúmẹ́nì jáde, ó sì ń tan gbogbo pálọ̀. Fún ẹṣin tó ń fẹsẹ̀ rìn, 50 sí 100 lúmẹ́nì ti tó o. Bí ẹ bá fẹ́ kó rìn kánmọ́kánmọ́, 200 sí 300. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ẹṣin lẹ̀ ń fọ́, ẹ sì ń sọ gbogbo ibi tí iná kò dé di òkùnkùn biribiri. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó fi ẹṣin sáré lálẹ́ lọ́nà oko, bó ti wù kí iná rẹ̀ tó.

Ẹ má sì gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́. Ẹ bá mi tọ́ka sí tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n kọ 100,000 lúmẹ́nì sí lára, màá fi irọ́ hàn yín. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ tàn án sí ògiri níbi tó ṣókùnkùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gún tààrà bí ọ̀pá, tí àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ ranran tí etí rẹ̀ sì dúdú, ẹ dá a padà. Èyí tó bá tẹ́ rẹrẹ bí ẹní, tí kò ní ojú kankan láàárín, òun ni ẹ mú. Kó sì ní ju ipò kan lọ, kí ẹ lè dín in kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra kí ẹ wò ó. Iná tó jẹ́ pé kí ẹ tó dé ipò kékeré, ẹ gbọ́dọ̀ kọjá èyí tó ń ṣẹ́jú pàkòpàkò, kò dára lórí ẹṣin. Ọjọ́ kan ni ìka máa ṣì tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ sì máa ń ba ẹṣin lẹ́rù.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: ÀWỌ̀

Ẹ yan èyí tó pọ́n díẹ̀ bí iná gílóòbù àtijọ́. Lára páálí, nọ́ńbà tí lẹ́tà K bá tẹ̀ lé ni kí ẹ wá: 2700K sí 4000K dára. 6500K ni funfun tó ń ṣe bí búlúù. Irú iná funfun yẹn ló ń pe kòkòrò jù, kòkòrò tó bá sì kún ojú àti imú ẹṣin kò ní jẹ́ kó fara balẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí kùrukùru bá sì wà láàárọ̀ kùtù, ìmọ́lẹ̀ funfun ń padà sójú yín bí ẹni fi aṣọ bò yín.

Iná pupa ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kì í ba ojú tó ti mọ òkùnkùn lò jẹ́, tiwa tàbí ti ẹṣin, nítorí ohun tí ojú fi ń ríran lálẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa. Ẹṣin gan-an, búlúù àti yẹ́lò ló ń rí dáadáa, pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ sí ara wọn lójú rẹ̀. Mo ní tọ́ọ̀ṣì orí kan báyìí tó ní pupa lára. Òun ni mo fi ń so gàárì, òun ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ ẹṣin wo bí òkúta bá há sí pátákò, tí mo bá sì ti gùn ún tán, mo máa ń pa á.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: IBI TÍ INÁ MÁA WÀ

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Iná tó dára tó wà níbi tí kò yẹ ló gbé mi ṣubú.

Àyà ẹṣin ni ibi rẹ̀. Ẹ wo okùn tó kọjá níwájú àyà rẹ̀, èyí tó ń di gàárì mú kó má fà sẹ́yìn. Ẹ so iná kékeré méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ẹ dojú wọn kọ ilẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin níwájú. Níbẹ̀, orí ẹṣin wà lókè iná, ìmọ́lẹ̀ kò wọ ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn iná, kò sí òjìji ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà. Etí rẹ̀ kò sì sí lójú iná mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tún máa ń fi kòtò hàn ju èyí tó wá láti òkè lọ, nítorí bèbè kòtò á ní òjìji tirẹ̀. Bí ẹṣin bá fẹ́ rẹ orí sílẹ̀ wo nǹkan nítòsí, ẹ tú ìjánu fún un díẹ̀, torí kò rí ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀ bí orí rẹ̀ bá wà lókè.

Iná tí ẹ bá so sójú kan ṣoṣo á máa jó bí ẹṣin bá ń rìn. Ẹ so ó lójú méjì. Ẹ má fi wáyà so ó, ẹ má sì fi okùn tó yi so ó. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù kẹ̀kẹ́ ni mo ń lò, torí bó bá há mọ́ ẹ̀ka, á já, iná á bọ́ sílẹ̀, ẹṣin á kọjá lọ. Iná tó ń wọ́ tẹ̀lé wáyà tó sì ń lu ẹsẹ̀ ẹṣin nínú òkùnkùn lè sọ ẹṣin tó tutù jù lọ di wèrè.

Iná ọ̀kadà olówó pọ́ọ́kú tó ń lo bátìrì 12 fóòtì, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀kadà. Ó wúwo, wáyà rẹ̀ sì pọ̀ jù.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: BÁTÌRÌ ÀTI OMI

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú tọ́ọ̀ṣì oníṣáájì ni bátìrì tí wọ́n ń pè ní 18650. Ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn ni pé ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó sì gùn ní mìlímítà 65. Ojúlówó rẹ̀ kì í sábà kọjá nǹkan bí 3,600 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́. Mo ti ra èyí tí wọ́n kọ 9900 sí lára rí ní ṣọ́ọ̀bù kan, kò pé ogójì ìṣẹ́jú tó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní àárín oko. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: ojúlówó wúwo tó gíráàmù 45 sí 50. Ayédèrú máa ń fúyẹ́ bí páálí ìṣáná. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń lo òṣùwọ̀n wúrà, ẹ bá wọn wọ̀n ọ́n.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ojúlówó 2,500 mAh ní 3.7 fóòtì ń fún yín ní nǹkan bíi wáàtì 9 fún wákàtí kan. Iná 100 lúmẹ́nì tó dára ń lo nǹkan bíi wáàtì kan, nítorí náà ẹ lè lò ó fún wákàtí mẹ́jọ. Àmọ́ ẹ fi ọ̀kan mìíràn sápò, nínú ọ̀rá, kí irin kankan má kàn án. Ọjọ́ tí NẸ́PÀ bá mú iná wá ni kí ẹ ti ṣáájì rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ òde.

Òjò Ifẹ̀ kì í dá àkókò. Ẹ wo lẹ́tà IPX lára páálí, òun ló ń sọ bí iná ṣe lè fara da omi tó. IPX4 ń gba òjò tó ń ta síi. IPX7 lè wà nínú omi mítà kan fún 30 ìṣẹ́jú. Èyí tó máa wà ní àyà ẹṣin, tí òógùn àti ẹrẹ̀ á máa bà, IPX7 ni mo fẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: KÍ ÀWỌN MÌÍRÀN RÍ YÍN

Ibi tó léwu jù lójú tèmi kì í ṣe inú oko, ibi tí ọ̀nà oko ti já sí títì ni. Mọ́tò tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá rí ẹṣin dúdú ní mítà 40, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tó ní.

Iná pupa tó dúró jẹ́ẹ́ ni ẹ so mọ́ ẹ̀yìn gàárì. Iwájú yín, funfun. Kí ẹnikẹ́ni má fi pupa síwájú, torí awakọ̀ á rò pé ẹ̀yìn mọ́tò ni òun ń wò, á sì máa bọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ra tépù tó ń kọ mànà, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Lágeere máa ń ní in. Ẹ rán an mọ́ aṣọ, kí ẹ dè é mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ohun tó ń dúró sójú kan ní ẹ̀gbẹ́ títì, awakọ̀ lè rò pé òpó ni. Ohun mẹ́rin tó ń gbé ara wọn sókè sódò ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, ojú mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń bọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ wọ ẹ̀wù tó ní ìlà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sọdá, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fa ẹṣin kọjá.

Ẹ gbọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn ọdẹ. Ọdẹ tó wà lóko lálẹ́ ojú tó ń kọ mànà ló ń wá, ojú ẹṣin sì ń kọ mànà. Lọ́jọ́ tí mo bá paná iwájú nítorí òṣùpá, mo máa ń so ṣaworo mọ́ ọrùn Arẹwà. Ṣaworo yìí ni ìlù rẹ̀ ní òde, òun náà ló ń sọ fún ọdẹ pé ẹran ìgbẹ́ kọ́ ló ń bọ̀. Bí mo bá rí iná ọdẹ lókèèrè, mo máa ń gbóhùn sókè kí wọn, màá dárúkọ ara mi, màá sì dúró dìgbà tí wọ́n bá dáhùn. Ẹ má fi ojú yẹpẹrẹ wo èyí.

Bí ẹ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré: ẹṣin tó fara balẹ̀ jù àti iná tó dára jù ni kó ṣíwájú. Ẹni ẹ̀yìn paná iwájú tirẹ̀, kó má baà ju òjìji ẹṣin àkọ́kọ́ sójú ọ̀nà, iná pupa ẹ̀yìn nìkan ni kó tàn. Ẹ fi àyè bíi mítà márùn-ún sáàárín.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: Ẹ JẸ́ KÍ ẸṢIN MỌ INÁ NÁÀ

Kò sí ẹni tó ń gbé iná tuntun gun ẹṣin lálẹ́ ọjọ́ tó rà á. Ọjọ́ kìíní, ní ọ̀sán, ẹ jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀, ẹ so ó mọ́ okùn àyà láìtàn án, kí ẹ fà á rìn. Ọjọ́ kejì, ní àṣálẹ́, ẹ tàn án ní ipò tó kéré jù nígbà tó ń jẹun, kí ẹ di ìjánu mú, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta, ẹ fà á rìn yí agbo ilé ká pẹ̀lú iná. Ìgbà tí kò bá tún gbé orí sókè wo iná mọ́ ni kí ẹ gùn ún. Arẹwà gba alẹ́ mẹ́rin. Ẹṣin mi kejì, tó jẹ́ akọ, gba alẹ́ mẹ́sàn-án, mi ò sì kánjú.

Bí ẹ bá délé, ẹ pa iná àyà kí ẹ tó wọ ilé ẹṣin, torí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti mọ òkùnkùn lò. Ẹ tan pupa. Ẹ fi ọwọ́ gba abẹ́ okùn àyà wò bóyá ó ti bó o lára, kí ẹ gbé pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ẹ nu iná gbẹ, kí ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ẹ ti máa rí i tí NẸ́PÀ bá mú iná dé lóru.